Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àgọ́ ẹ̀dínwó “tí omi ò lè wọ̀” kí ẹ tó gba ọ̀nà àjọ̀dún orin lọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi tó wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ẹ̀yin òbí tó ń kó ọmọ lọ sí àjọ̀dún orin nígbà ooru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó àgọ́ kankan lórí fóònù yín. Wọ́n rẹ́ mi jẹ. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, sùn nínú omi lóru nítorí pé mo gba ẹni tí mi ò rí rí gbọ́.

Oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tán ni, mo sì ń wá àgọ́ tí kò ní gbówó lórí jù. Kò pẹ́ tí ìpolówó kan fi yọ sí mi lójú fóònù. Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lé ní 30 ọdún tí àwọn ti ń ta ohun èlò ìpàgọ́, pé ara ò gbé e mọ́, pé àwọn fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí aráàlú wá bá àwọn kó ìyókù ọjà. Àgọ́ ẹni 4 tó jẹ́ £119 ti di £34.99. Wọ́n ní omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé, wọ́n sì kọ 5000 mm sí i gàdàgbà. Aago kan wà lókè tó ń ka ìṣẹ́jú wálẹ̀, bí ẹni pé ọjà náà fẹ́ tán lójú mi. Àánú àwọn arúgbó yẹn ṣe mí, ẹ̀dínwó náà sì wọ̀ mí lójú. Mo sanwó.

Ọ̀sẹ̀ 3 ni ó tó dé, láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta mí lólobó, torí kí ni ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní England ń wá ní Ṣáínà? Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló wà títí di ìparí oṣù keje. Mi ò tú u wò rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti pàdánù ẹ̀tọ́ mi, mo máa sọ bó ṣe jẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kejì àjọ̀dún náà ni òjò dé. Kì í ṣe òjò bíi tilé wa, tó máa ń fi ààrá kéde ara rẹ̀, tí á rọ̀ kíkan, tí á sì dá. Òjò wínníwínní ti ibí ni, èyí tí kì í yára, tí kì í sì í lọ. Nígbà tó di bí aago méjì òru, nǹkan tútù kan kán sí mi létí. Mo tan iná fóònù, mo nà án sókè. Níbi tí wọ́n ti rán aṣọ méjì pọ̀ lókè orí wa, omi ti tò sí ojú abẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, ihò kan, ẹ̀kán kan. Bí ọ̀kan bá ti sanra tó, á jábọ́, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbi tó ti kúrò. Mo fi ọwọ́ nù ún, ńṣe ló wá ń ṣàn. Nísàlẹ̀, ibi tí orúnkún mi ti tẹ ilẹ̀ àgọ́, omi ń sun wọlé láti inú koríko. Mo fi ọwọ́ kan àpò ìsùn ọmọ mi, ó wúwo bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi ìfọṣọ. Ọmọ náà ń gbọ̀n. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí.

Tọkọtaya kan tó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ṣí àgọ́ wọn fún wa. Òjò pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, gbogbo wa la jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo béèrè iye tí wọ́n ra tiwọn. £45 ni, ní ṣọ́ọ̀bù gidi tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ̀. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ àgọ́ mi. Àgọ́ olówó pọ́ọ́kú tó dára wà. Irọ́ ni wọ́n tà fún mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni mo rí àkọlé pénpé kan tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀ nítòsí síìpù. Wọ́n kọ 800 mm síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yẹn, torí òun ni àwọn oníjìbìtì yìí fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán aṣọ àgọ́ wò, wọ́n á gbé omi lé e lórí nínú nǹkan gígùn oníhò, wọ́n á máa bu omi kún un títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba inú aṣọ kọjá. Gíga omi yẹn ni mm tí ẹ ń rí. 1500 mm túmọ̀ sí pé aṣọ náà gba omi tó ga tó mítà kan àbọ̀ dúró. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìpìlẹ̀ níbí. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbi tí òjò wà. Fún àjọ̀dún ọjọ́ 3 tàbí 4, 3000 mm ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ilẹ̀ àgọ́ ní láti ju ti òkè lọ, 5000 mm bí ẹ bá rí i, torí pé òjò kì í tẹ aṣọ tó bí orúnkún àti ìdí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ koríko tútù.

Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ò tó. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá, ihò ni. Àgọ́ tó péye máa ń ní téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú rírán láti inú. Ẹ fi èékánná wá a. Tèmi ò ní ẹyọ kan. Ẹ tún wò ó bóyá aṣọ rẹ̀ jẹ́ méjì, ti inú àti ti òde, torí èémí ẹni tó ń sùn máa ń di omi sára aṣọ ẹyọ kan. Kí a má sì fi ẹ̀sùn kan olóòótọ́: omi èémí máa ń bo ara aṣọ káàkiri, kódà lálẹ́ tí òjò ò rọ̀. Èyí tó bá ń tẹ̀lé ojú rírán, jíjò ni. Ní ti “ẹni 4” tí wọ́n ń kọ, èjìká sí èjìká ni wọ́n fi kà á, láìsí ẹrù. Àgbà 2 àti ọmọ 1 ti kún un.

Mo kọ ímeèlì sí wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn á dá 15% padà, kí n máa lo àgọ́ náà lọ. Nígbà tí mo kọ̀, wọ́n ní 30%. Nígbà tí mo ní gbogbo owó mi ni mo fẹ́, wọ́n ní kí n fi owó ara mi dá a padà sí ilẹ̀ Ṣáínà. Iye tí wọ́n sọ fún mi ní póòsì ju owó àgọ́ lọ. Ẹ fi ọkàn sí i o: báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n mọ̀ pé ó máa sú ẹ, wàá gba 30%, wàá sì gbé ẹnu dákẹ́.

Mo wá gbé àwòrán àwọn arúgbó yẹn sínú Google láti wá ibi mìíràn tó wà. Àwọn kan náà ń ta bàtà lábẹ́ orúkọ mìíràn, wọ́n tún ń ta ẹ̀gbà ọrùn níbòmíràn, gbogbo wọn ló sì ń “ti ṣọ́ọ̀bù pa”. Mi ò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà nítorí ó ti pòórá, orúkọ tuntun ló kù. Àmì wọn ni kí ẹ dì mú: ìtàn tó ń ṣeni láàánú, aago tó ń sáré, kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà fóònù. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà ní Companies House, ibi tí ìjọba ti ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà sí kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ní kí ẹ dá a padà sí, ẹ sá.

Òfin wà o. Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti kọ̀ ọ́ kí ẹ gba gbogbo owó yín. Èyí tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́, ẹ̀bi ì báà máà sí. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún olùtajà láyè kó tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ti lé ní oṣù méjì lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àti pé òfin yẹn, ẹni tí ọwọ́ bá lè tẹ̀ ló ń mú.

Káàdì ló gbà mí. Ẹ̀tọ́ Section 75 tí gbogbo ènìyàn ń sọ, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ báńkì bí olùtajà bá rẹ́ yín jẹ, ti káàdì kírẹ́díìtì ni, ọjà tó bá ju £100 lọ ló sì kàn, kò kan àgọ́ £34.99. Àmọ́ báńkì lè bá yín fa owó padà láti ọ̀dọ̀ olùtajà, kódà bó jẹ́ káàdì débíìtì lẹ fi san án. Chargeback ni kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́. Ẹ má fi falẹ̀, ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Mo kó àwòrán ìpolówó, àwòrán àkọlé 800 mm àti gbogbo ímeèlì fún wọn. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn náà, owó mi wọlé.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ò rí tirẹ̀ gbà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ló ní òun ní àgọ́ tuntun, £60, òun á gbé e pàdé wọn lẹ́nu géètì àjọ̀dún. Ẹ̀gbọ́n fi tiránsífà san án. Ọkùnrin náà dí nọ́ńbà wọn pa ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiránsífà sanwó fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, bó bá sì ní kí ẹ lo “Friends and Family” lórí PayPal, ààbò kankan ò sí níbẹ̀ fún ẹni tó ń rajà.

Mi ò sọ pé kí a jókòó sílé. King Sunny Adé ti kọrin ní Glastonbury, àjọ̀dún orin ńlá tí wọ́n ń ṣe lórí oko kan ní England, ní 1983, Fela dé ibẹ̀ ní 1984, ní 2024 Ayra Starr àti Burna Boy gun Pyramid Stage, pèpéle tó tóbi jù níbẹ̀. Tiwa ni. Àmọ́ oko yẹn náà ni àgbàrá ti wọ inú àgọ́ àwọn ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ní 2005, ẹrẹ̀ 2016 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ẹ má pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bó ti wù kí àgọ́ náà dára tó.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ tú u níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó ń bó bí awọ, tàbí tó ń rùn kíkan, ohun tí wọ́n fi dí omi lára rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù gidi sì máa ń já owó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí ìgbà ooru bá ti parí. Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ pe Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, lórí 0808 223 1133, ọ̀fẹ́ ni.

Mo ti ra òmíràn, £49, 3000 mm, téèpù wà lójú rírán rẹ̀ yíká. Ọjọ́ tó dé ni mo pa àgọ́ náà sẹ́yìn ilé. Mo fi họ́ọ̀sì rọ omi lé e lórí fún 20 ìṣẹ́jú, ọmọ mi jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù, ó ń wo gbogbo ojú rírán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Mọ́mì, ó gbẹ.” Mo ní kó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.