Àyẹ̀wò Plumpy'Nut, oúnjẹ ìtọ́jú fún ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀

Kò sí ohun tó jọni lójú lára Plumpy'Nut nígbà téèyàn bá kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́: ọ̀rá kékeré oníwọ̀n gíráàmù 92 ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jọ ẹ̀pà lílọ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀, kálórì 500 ló wà nínú ọ̀rá kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀pà, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró ni wọ́n pò pọ̀ mọ́ fítámì àti àwọn èròjà mìíràn tí ara ọmọ tó ti rù kan eegun nílò.

Ibi tí mo rò pé àwọn tó ṣe é, André Briend tó jẹ́ dókítà ọmọdé àti Michel Lescanne ti ilé iṣẹ́ Nutriset ní ilẹ̀ Faransé, ti lo ọgbọ́n jù ni pé wọn kò fi omi sí i. Kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1996, mílíìkì ìtọ́jú tí a ń fi omi pò ni wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí omi náà kò bá sì mọ́, kòkòrò àrùn á ti ríbi gbilẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń bá ọmọ kan jókòó sí ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí àwọn yòókù á sì máa wojú ara wọn nílé. Plumpy'Nut kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ìkòkò, ó sì lè pé ọdún méjì láìbàjẹ́ bí a kò bá tíì tú u. Ìyá á fọwọ́ tẹ ọ̀rá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kí òróró tó léfòó lè padà wọnú ẹ̀pà, á gé igun rẹ̀ kan, ọmọ á sì máa fà á mu. Ní 2007, WHO (àjọ ìlera àgbáyé), UNICEF (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé) àti WFP (àjọ oúnjẹ àgbáyé) jọ fọwọ́ sí i pé kí a máa tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ebi ń pa ló wà fún. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí àyíká òkè apá rẹ̀ kò tó mìlímítà 115, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú débi pé ojú ibi tí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ á jin, ni wọ́n ń fún. Èyí tí kò bá lè jẹ ẹ́ níṣojú nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀.

Ó dùn, ó sì ń mú òùngbẹ wá, nítorí náà omi mímọ́ kò gbọdọ̀ ṣàìwà nítòsí. Àléébù tó dùn mí jù ni pé ọmọ kan ni wọ́n ṣírò ọ̀rá náà fún, ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ mẹ́rin wà ló ń bọ́ sí. Ìyá wo ni yóò fi oúnjẹ dídùn sí ẹnu ọ̀kan, kí mẹ́ta máa wò ó lẹ́nu? Wọ́n á pín in, aláìsàn kò sì ní jẹ ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. N kò dá ìyá náà lẹ́bi rárá; àwọn tó ń pín ọ̀rá ni ì bá fi àpò ọkà kan tẹ̀ lé e fún àwọn tó kù nílé.