Ultramarathon àkọ́kọ́ yín: èwo lẹ máa rà, èwo lẹ máa fi sílẹ̀?

Kí n tó sá ultramarathon mi àkọ́kọ́, ìyẹn eré tó gùn ju màrátọ́ọ̀nù lọ, mo ti ra ẹrù kún ilé. Mo ra àpò ẹ̀yìn tó ń gba lítà 12, mo ra ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń gun òkè, mo ra tọ́ọ̀ṣì orí tó ń tàn bí iná mọ́tò. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni mo wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kìlómítà 50 tí wọ́n ń sá lójú ọ̀sán, tí omi sì wà ní gbogbo kìlómítà mẹ́fà sí méje. Ọ̀pá yẹn kò kúrò nínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàtà nìkan ni mo ṣahun sí, òun ló sì gba èékánná mẹ́ta lẹ́sẹ̀ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìdíje tẹ́ ẹ bá mú ló máa sọ irú ẹrù tẹ́ ẹ máa rà. Nínú ẹrù náà, ohun tó bá ń kan ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ló yẹ kó gba owó jù.

Ìdíje gan-an ni ọjà àkọ́kọ́

Eré èyíkéyìí tó bá ti ju kìlómítà 42.195 ti màrátọ́ọ̀nù lọ, ultramarathon ni. Kìlómítà 50 ló sábà máa ń kéré jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni 80, 100 àti 160. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ lẹ máa fi wéra, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sá a.

Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn kan ṣoṣo ni, ẹ máa gbéra, ẹ máa lọ títí tẹ́ ẹ fi máa débi òpin. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi wákàtí kà, bíi wákàtí 6 tàbí 12: ẹ óò máa yí ojú ọ̀nà kúkúrú kan po, iye kìlómítà tẹ́ ẹ bá ti sá kí àkókò tó pé ni èsì yín. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní backyard ultra. Kìlómítà 6.706 ni wọ́n ń sá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí wákàtí tuntun bá sì ti lù, gbogbo èèyàn á tún gbéra pọ̀, títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi wákàtí 24 sá a ti sá máìlì 100.

Fún ẹni tí kò sá ultramarathon rí, oníwákàtí 6 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí po lẹ máa kọjá níwájú àpò yín, torí náà ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé sẹ́yìn. Bí bàtà bá ń ha yín, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kò parí. Àmọ́ àga yín náà wà níbẹ̀ o, ó ń wò yín. Mo ti rí ẹni tó jókòó pé òun fẹ́ so okùn bàtà, tí kò dìde mọ́.

Backyard ultra náà dáa fún ẹni tó bá ti mọ ibi tó fẹ́ dé. Ìyípo mẹ́jọ péré, ẹ ti kọjá kìlómítà 53, ẹ sì ti sinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ni pé ẹni tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń kọ pé ó parí. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rí orúkọ yín lára àwọn tó parí, ìdíje kìlómítà 50 ni kẹ́ ẹ lọ sá. Ẹrù tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn á balẹ̀, torí iwájú nìkan ni ọ̀nà ilé wà.

Ẹ béèrè gbèdéke àkókò náà. Ìdíje Comrades ní South Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 90 láàárín Durban àti Pietermaritzburg. Wákàtí 12 ni wọ́n ń fún asáré. Bó bá ti pé, wọ́n á tilẹ̀kùn, kódà kó ku ìṣísẹ̀ kan péré kẹ́ ẹ wọlé. Wọ́n sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti sá màrátọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó wá. Ìdíje orí òkè tí wọ́n ń pè ní UTMB, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ń yí òkè Mont Blanc po gba Faransé, Ítálì àti Switzerland, nǹkan bíi kìlómítà 170, òru wà níbẹ̀, òtútù wà níbẹ̀. Òfin ibẹ̀ ló ní kí asáré gbé ẹ̀wù òjò, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti aṣọ ìdáàbòbò lọ́wọ́ òtútù. Àwòrán irú àwọn asáré bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń jẹ́ kí ẹni tuntun rò pé gbogbo ẹrù yẹn ni ultramarathon. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Bàtà: ẹ má ṣahun níbí

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Bàtà ojú títì fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn lórí ọ̀dà. Bàtà ojú ọ̀nà igbó ní eyín lábẹ́, tó sábà máa ń gùn tó mílímítà 3 sí 5, iwájú rẹ̀ sì le kí òkúta má baà fọ́ yín lọ́mọ ìka. Nínú ẹrẹ̀, èyí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ yọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ sá eré jíjìn lórí ọ̀dà, eyín yẹn á jẹ kíákíá, àtẹ́lẹsẹ̀ yín á sì máa ro yín. Bí ìdíje yín bá jẹ́ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú, bàtà ojú títì tẹ́ ẹ ti ní nílé ti tó, ẹ má ra òmíràn. Bó bá jẹ́ àdàlù, eyín kúkúrú ni kẹ́ ẹ mú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bí abẹ́ bàtà ṣe nípọn tó, àti bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe ga ju iwájú lọ tó. Iléeṣẹ́ bàtà Hoka, tó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 2009, ló sọ abẹ́ tó nípọn gan-an di olókìkí. Altra, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà, ló sọ èyí tí gìgísẹ̀ àti iwájú rẹ̀ wà dọ́gba, tí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀, di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Abẹ́ nínípọn máa ń gba ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wákàtí karùn-ún bá dé, tí ilẹ̀ ń dà bí irin. Ṣùgbọ́n lórí òkúta, ọrùn ẹsẹ̀ tètè máa ń yí nínú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ti jìnnà sílẹ̀. Èyí tó wà dọ́gba ní tirẹ̀ máa ń gbé iṣẹ́ fún iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti iṣan gìgísẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa wọ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi mílímítà 8 sí 10 ga, tó wá bọ́ sínú èyí tó dọ́gba lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iṣan rẹ̀ ò ní í jẹ́ kó sùn. Bó bá wù yín, ẹ fi oṣù mélòó kan kọ́ ẹsẹ̀ yín. Fún ìdíje àkọ́kọ́, bàtà tó bá sún mọ́ èyí tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Ní ti ìwọ̀n, bàtà mi yẹn bá ẹsẹ̀ mi mu géérégé ní ṣọ́ọ̀bù, inú mi sì dùn sí i. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ máa ń wú bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí. Nígbà tí mo dé kìlómítà 38, tí ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan iwájú bàtà bí ìgbà tí èèyàn ń kanlẹ̀kùn: gbà, gbà, gbà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níbùdó omi, orí rẹ̀ ti pọ́n, èékánná àtàǹpàkò sì ti dúdú bí èédú. Ẹ jọ̀wọ́, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi sáré, ẹ dìde dúró, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Bí olùtajà bá ní ó ti tóbi jù, ẹ rọra rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàtà tí omi ò lè wọ̀ ńkọ́? Ó dáa fún yìnyín. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ odò, ẹnu bàtà lomi máa gbà wọlé, kò sì ní rí ibi jáde. Bàtà aláṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá máa ń jo omi náà dànù. Bàtà tí wọ́n fi pátákó kábọ́ọ̀nù sí lábẹ́, tí àwọn tó ń sáré kíkankíkan ń wọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, torí ẹ máa rìn gan-an nínú ìdíje àkọ́kọ́, ìyẹn ò sì ní ìtìjú kankan nínú. Ìbọ̀sẹ̀ òwú kò dáa, torí ó máa ń mu òógùn, ẹsẹ̀ á sì lé ròrò. Onírun àgùntàn tàbí èyí tí wọ́n fi fọ́nrán oníke hun ni kẹ́ ẹ mú. Bó bá jẹ́ àárín ọmọ ìka ló máa ń lé ròrò, èyí tó ní ilé fún ìka kọ̀ọ̀kan yẹ lówó tí wọ́n bá pè é.

Kí lẹ máa fi gbé omi?

Ìgò ọwọ́ onímílílítà 500 ló wọ́n níwọ̀nba jù, ó sì tó fún ìdíje oníyípo. Lójú ọ̀nà olókùúta, ẹ máa nílò ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ bá kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ìgò ti máa di ìṣòro. Bẹ́líìtì dá ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fún ikùn, ikùn tí wọ́n fún fún wákàtí mẹ́fà sì máa ń kọ oúnjẹ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Àpò tí wọ́n ń wọ̀ bí ẹ̀wù ló borí fún kìlómítà 50 lójú ọ̀nà igbó. Lítà 5 ti tó, 10 sí 12 wà fún orí òkè. Ẹ mú èyí tí ìgò rírọ̀ méjì wà lápá àyà rẹ̀. Àpò omi lítà 2 tó ń wà lẹ́yìn ń gba omi púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ iye tó kù, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bu omi sí i, ẹ máa bọ́ gbogbo ẹrù kalẹ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò àpò náà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ wò, kẹ́ ẹ fò sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bó bá ń jó lẹ́yìn yín, kì í ṣe tiyín.

Ohun tẹ́ ẹ máa jẹ

Ẹni tuntun lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afúnnilókun ní wákàtí kan. Jẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn oúnjẹ aládùn tó kì, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, sábà máa ń ní gíráàmù 20 sí 25. Ó yá láti gbé mì, kò sì wúwo, ṣùgbọ́n bó bá di ìkeje, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi rọrùn fún ikùn, àmọ́ ó so oúnjẹ àti omi pọ̀: tí oòrùn bá mú, tẹ́ ẹ mu omi púpọ̀, ṣúgà náà á pọ̀ jù. Oúnjẹ gidi ló ń tẹ́ni lọ́rùn jù, ó sì ń fẹ́ kẹ́ ẹ rìn díẹ̀ kó tó dà. Èmi máa ń fi oúnjẹ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀, kí n tó wá bọ́ sórí jẹ́ẹ̀lì.

Ohun méjì kan wà tí mi ò fi ṣeré. Omi àmujù léwu: ó máa ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín ni kẹ́ ẹ mu. Ìkejì, ẹ má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen nígbà tẹ́ ẹ ń sáré, torí ara tí omi ti dínkù nínú rẹ̀ ni kídìnrín ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, oògùn yẹn á tún kún ìnira rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì, aago, ọ̀pá

Ìdíje ojúmọmọ kò nílò tọ́ọ̀ṣì àyàfi tí òfin bá béèrè. Fún òru, lumen (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) 200 sí 400 tó, ẹ sì wo wákàtí tí bátìrì fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn, kì í ṣe wákàtí ti ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Bí aago náà ṣe rí nìyẹn: wákàtí tó ń lò pẹ̀lú GPS ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, kì í ṣe ọjọ́ tó ń lò lọ́wọ́ lásán. Fóònù lè rọ́pò rẹ̀ fún ìdíje àkọ́kọ́. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́. Ti alumíníọ́mù máa ń tẹ̀, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ padà. Ìdíje mìíràn kò tilẹ̀ gbà á, torí náà ẹ yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn ná.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo wọn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdíje tó dé, ẹ wọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, títí dórí àwọ̀tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáré. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ lọ wẹ̀. Omi á fi ibi tí nǹkan ti bó yín hàn yín: egungun èjìká, abẹ́ apá, àárín itan, gìgísẹ̀. Ibi tó bá ti ta yín jù lowó tó kù máa lọ.