Ẹ Ṣọ́ra o: Wọ́n Ń Hú Trillium Nínú Igbó Tà fún Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òdòdó abẹ́ ibòji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó fún òdòdó igbó tó ń jẹ́ trillium lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò sì fẹ́ kó kan ẹlòmíràn.

Trillium grandiflorum ni mo rà, èyí funfun eléwé mẹ́ta tó ń hù nínú igbó apá ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹni tó tà á kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé, "Inú ọgbà wa la ti tọ́ ọ." Owó tó pè wálẹ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura.

Nígbà tí páálí dé, mo kó iṣu mẹ́fà tó rí bí atalẹ̀ jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n ti ń rọ̀, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ara wọn ti já dànù, ojú ọkọ́ sì hàn kedere lára méjì. Mo fi omi ṣàn wọ́n. Ewé jíjẹrà dúdú ló ń yọ, gbòǹgbò igi tó tó ìka ọwọ́ mi sì há mọ́ ọ̀kan. Gbòǹgbò igi kì í bá òdòdó gbé inú ike. Wọ́n lọ hú u nínú igbó ni. Mẹ́rin jẹrà mọ́ ilẹ̀. Méjì tó kù yọ ewé, wọn ò tanná.

Bí ẹ bá gbin hóró òdòdó yìí, ìgbà òtútù kan á kọjá kó tó ta gbòǹgbò, òmíràn á tún kọjá kí ewé tó yọrí. Ewé ẹyọ kan ló máa ń ní fún ọdún mélòó kan kó tó di mẹ́ta. Kó tó tanná, ọdún 7 sí 10 ni. Báwo ló ṣe máa wá di ọjà pọ́ọ́kú? Nínú igbó, èèrà ló ń gbé hóró náà nítorí ọ̀rá jíjẹ tó wà lára rẹ̀, èèrà kì í sì gbé e jìnnà. Bí ẹnìkan bá hú ojú ibì kan tán lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa gbà kó tó padà. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó ju owó lọ: èmi ni mo sanwó fún ọkọ́ yẹn.

Ọgbọ́n wọn rèé: wọ́n á hú u, wọ́n á gbìn ín sínú ike fún oṣù díẹ̀, wọ́n á wá ní inú ọgbà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé láti hóró lẹ ti gbìn ín, àbí ara èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ lẹ ti pín in? Ọdún wo?" Ẹni tó fi ọdún 7 tọ́jú nǹkan kò ní gbàgbé. Nígbà tí mo bi ẹni tèmi, ó ní, "Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Mo tún béèrè, kò dá mi lóhùn mọ́.

Èyí tí ẹ bá ti rà, ẹ gbìn ín lójú ẹsẹ̀ kó tó gbẹ, sábẹ́ igi tó ń wọ́wé, nínú ilẹ̀ tó kún fún ewé jíjẹrà, tó tutù ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró sí. Ẹ má já òdòdó rẹ̀ mọ́ ewé. Ewé mẹ́ta yẹn nìkan ló fi ń jẹun títí ọdún á fi yí po.

Ẹni náà ti tún dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Àwòrán kan náà ló ń lò: òdòdó funfun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté igi tó ti ń jẹrà. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò yí padà.