Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú tẹ́rápísìtì orí fóònù: ohun tójú mi rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé ṣé tẹ́rápísìtì orí fóònù yẹn, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn, ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn ń jẹ owó olówó ni, ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀.

Àtìgbà tí Bàbá Tọ́mi ti gba òkè òkun lọ, tí màmá ẹ̀ wá kó wá bá wa ní Akóbọ̀ láti bá mi mójú tó àwọn ọmọ, ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Kí fóònù ṣáà dún, àyà mi á já. Aago mẹ́ta òru báyìí ojú mi ti là, ó di kílíà. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ru, kò sí ibà, kí n lọ sinmi. Sinmi níbo?

Áàpù ilẹ̀ òkèèrè kan ni mo kọ́kọ́ lò, mi ò ní dárúkọ wọn. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, ẹ sì mọ bí dọ́là ṣe rí. Obìnrin tí wọ́n fún mi kì í ṣèèyàn burúkú o, àmọ́ mo ní ìyá ọkọ mi máa ń dá sí ọbẹ̀ tí mo bá ń sè, ó ní kí n sọ fún un pé kò kàn án. Ẹ gbà mí! Kí n wojú Màmá kí n sọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa wá bá mi mú ọmọ wá láti sùkúù lọ́jọ́ kejì? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe, mo kánsù ẹ̀, wọ́n ṣì tún yọ owó oṣù kejì, ìméèlì mẹ́rin ni mo kọ kí wọ́n tó dá a padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe èyí tí mo ń lò báyìí, Nàìjíríà níbí ni, ₦20,000 fún ìṣẹ́jú 50. Mo kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti kàwé àti ibi tó ti ṣiṣẹ́, kò bínú, ó fi sáfíkéètì ẹ̀ hàn mí. Ẹ máa béèrè o jàre, ẹnikẹ́ni ló lè kọ therapist sí Instagram. Ó sì ti là á yé mi pé òun ò lè kọ oògùn, àti pé tó bá ti di pé èèyàn ń ronú àtipa ara ẹ̀, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe fóònù.

Ìbéèrè 7 kan wà tí wọ́n ń pè ní GAD-7, máàkì ẹ̀ 21 ni, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkàn èèyàn ò balẹ̀ tó. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Áàpù àkọ́kọ́ náà fún mi, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Èyí fi Yorùbá bi mí: “Ṣé ara yín máa ń ṣe bíi ti ẹni tó ń retí ìròyìn tí ò dáa, mà?” Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. 16 ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn, lóṣù tó kọjá ó ti wá sí 7.

Inú mọ́tò ni mo ti ń ṣe é o, torí Màmá wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ wà níbi gbogbo. Màá wọ inú Corolla nínú kọ́ḿpáùn, màá ti gíláàsì pa, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo ta ló fẹ́ tan AC, òógùn á bò mí. Lọ́jọ́ kan Màmá kan gíláàsì: “Ìyàwó mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tó ń pa ẹ́ lẹ́kún báyìí?” Mo ní ará ọ́fíìsì ni, mà. Kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá mi ní yàrá, ó jáde.

Iṣẹ́ tí tẹ́rápísìtì fún mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Kí n ra ìwé kan, gbogbo ohun tó bá ń dà mí láàmú lójúmọmọ kí n kọ ọ́ ní ìlà kan péré kí n pa á tì, aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí n tó jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣé torí èyí ni mo ṣe san ₦20,000? Àmọ́ kó tó di alẹ́, ìdajì ẹ̀ á ti dọ̀rọ̀ àná. Èyí tí ò lọ ni “mo ń bínú sí i pé ó lọ”. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí gbogbo ayé ló ń kí mi kú oríire pé ọkọ mi ti japa.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ńkọ́? Ó ní ṣé mi ò lè fi kíṣìnì sílẹ̀ fún Màmá ní wíkẹ́ẹ̀ǹdì. Mo fi sílẹ̀. Ìjà parí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àṣà òyìnbó ni gbogbo eléyìí, ó tún ní ṣé kì í ṣe pé mo ti ń lọ sí Aró, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Aró tẹ́ ẹ fi ń ṣẹ̀sín yẹn, ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ìbátan wọn á wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á máa gbàtọ́jú. Ẹ wá ń sọ pé àṣà òyìnbó ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí àkókò tẹ́ ẹ jọ fẹ́ sọ̀rọ̀ bá ti kù tí ò tó wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó yẹ ọjọ́, owó yín ti wọgbó nìyẹn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti jẹ ₦20,000 mi lẹ́ẹ̀kan báyẹn. Fídíò náà máa ń dákú, ohùn nìkan la sábà máa ń lò.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń ṣe é báyìí. Túsídè tó ń bọ̀ ni tèmi, mo ti gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgò.