Áàpù iReal Pro fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Gìtá Jáàsì
Ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) gbe olórin lẹ́yìn nínú jáàsì nílò ẹgbẹ́ tí kì í rẹ̀, iReal Pro sì ni ẹgbẹ́ náà fún mi: béèsì, ìlù àti dùùrù ń lọ, mo pa dùùrù lẹ́nu mọ́, mo sì gba ipò rẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta, Dm7, G7 àti Cmaj7, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú okùn mẹ́ta péré fún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ní Dm7, ìka mi wà ní àyè 5 (àyè ni àlàfo láàárín àwọn irin ọrùn gìtá) lórí okùn kẹta, tí a bá kà á láti okùn tó tín-ín-rín jù. Bí G7 ṣe dé, mo sún un sí àyè 4, ibẹ̀ ló sì wà títí Cmaj7 fi parí, nígbà tí okùn kẹrin dúró sí àyè 3 kí ó tó bọ́ sí àyè 2 ní Cmaj7. Ìsúnkì kékeré yìí ló ń so kọ́ọ̀dù pọ̀, inú mi sì dùn púpọ̀ nígbà tí etí mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ lè dín ìyára kù, ẹ sì lè yí kíì (ohùn tí orin dá lé) padà.

Áàpù yìí kò lè sọ fún yín bí ẹ bá ń ta gìtá jù. Nítorí náà, ẹ fi etí sí Freddie Green, onígìtá jáàsì tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Count Basie láti 1937 títí tó fi kú ní 1987, tó ń ta kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìwọ̀n ìlù kọ̀ọ̀kan láìbo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.