Suìṣì smart tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára suìṣì ògiri yìí, tí a tún lè fi fóònù darí, ni pé kò sẹ́ni tó bi mí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àlejò á wọlé, á nawọ́ sí ògiri, á tẹ̀ ẹ́, iná á tàn. Gílóòbù smart tí mò ń lò ṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pa suìṣì ògiri ti gba iná lẹ́nu gílóòbù náà nìyẹn, app orí fóònù á máa wá a títí láìrí i, ariwo "ta ló tún pa á?" á sì bẹ̀rẹ̀. Ní ti èyí, suìṣì gan-an ló gbọ́n, gílóòbù lásán ló wà lókè.

Kókó róbótó kan wà láàárín rẹ̀ tí à ń yí láti fi dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí láti fi kún un. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Henry Dreyfuss, ayàwòrán ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló ya ẹ̀rọ róbótó ti ilé-iṣẹ́ Honeywell tí wọ́n fi ń darí ooru inú ilé, tó jáde ní 1953, yíyí ni wọ́n ń yí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nest gbé irú ẹ̀rọ yìí tiwọn jáde ní 2011, wọ́n ki kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, síbẹ̀ yíyí náà ni.

Ẹjọ́ tí mo ní ni pé kókó tèmi kì í dúró. Ti àtijọ́, bí ẹ bá yí i dé òpin, á kọ̀ fún ọwọ́ yín. Nínú òkùnkùn pàápàá, ẹ ti mọ̀ pé ó tán. Èyí ń yí lọ títí ayé ni. Mo mọ ìdí rẹ̀ o: bí fóònù bá ti yí ìmọ́lẹ̀ padà, ibi tí kókó dúró sí ti di irọ́. Wọ́n wá fi àwọn iná tín-ín-tìn-ín yí i ká kí a lè mọ ibi tí a dé. Ó dáa, àmọ́ ojú ló ń lo ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́. Ì bá wù mí kó gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìka bó bá ti dé òpin.

Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì àti títẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ tún ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń lò wọ́n nílé, torí kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n wà.

Bí Wi-Fi bá lọ, iná ṣì ń tàn, ó ṣì ń kú bí ẹ bá tẹ suìṣì náà.

Kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná ṣí ibi tí suìṣì yín wà wò. Ó nílò wáyà neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò sì ní in níbẹ̀. Kí gílóòbù yín náà jẹ́ irú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣeé dín kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò máa ṣẹ́jú.