Ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́ tó dákẹ́ àti ìńfátà tuntun: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Ẹni tó ń jó irin nítorí pé ó wù ú, tí kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń jẹun, kò ní pẹ́ kan ìbéèrè yìí: ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà nílẹ̀, ó ti dákẹ́, ṣé kí n wá ẹni tó máa bá mi tún un ṣe ni, àbí kí n fowó yẹn kún owó kí n ra ìńfátà, ẹ̀rọ ìjórin òde òní tó fúyẹ́? Ọjọ́ orí ẹ̀rọ kọ́ ni mo fi ń dáhùn. Ohun tó kú nínú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Ohun tó wà nínú wọn

Ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní àṣírí kankan. Tíráńsífọ́mà gìrìwò kan ló wà nínú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n wá wé wáyà kọ́pà tàbí alumíníọ́mù mọ́ lára. Iná wọlé ní fóòtì 220 tàbí 230, ó jáde ní nǹkan bí 50 sí 80, ṣùgbọ́n ampere rẹ̀, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, á ti pọ̀ débi tí irin á fi yọ́.

Ìńfátà gba ọ̀nà mìíràn. Á kọ́kọ́ sọ iná AC (èyí tó ń lọ síwá sẹ́yìn) tó wọlé di DC (èyí tó ń lọ síhà kan ṣoṣo), lẹ́yìn náà á máa tan iná ọ̀hún, á máa pa á. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó lé ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà 50 tàbí 60 péré ni iná ìta ń yí. Bí eré yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ ṣe lè kéré tó. Ìdí nìyẹn tí ìńfátà tó wúwo bíi kìlò 5 fi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ tó kọjá kìlò 25 ń ṣe. Ẹ lè fi kọ́ èjìká gun àkàbà. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo gba ẹ̀rọ àtijọ́ kan rí lọ́wọ́ ẹni tó ní ó ti kú fin-ín. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, eruku ti bò ó bí aṣọ. Mo fẹ́ eruku náà kúrò, mo gbé imú sún mọ́ wáyà, kò rùn bí ohun tó jó. Ìgbà tí mo wo ibi tí wáyà ìjórin ti ń jáde ni mo rí i: nọ́ọ̀tì tó mú orí wáyà dúró ti dúdú kirikiri, ìka lásán ni mo fi tú u. Mo fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí ó fi pọ́n, mo pààrọ̀ orí wáyà àti wáṣà, mo sì dè é pinpin. Mo tan iná, ẹ̀rọ náà hó hùn-ún. Electrode àkọ́kọ́ (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ sójú irin) lẹ̀ mọ́ irin, èkejì jó dé ìdí.

Irú àìsàn tó sábà máa ń ṣe wọ́n nìyẹn: nọ́ọ̀tì tó tú, súwíìṣì tí ojú rẹ̀ ti jó, fáànù tó há. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fúnni ní DC, ẹ wo dáyóòdù rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá. Ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò, kí ẹ fi mítà wò ó ní ojú dáyóòdù. Níhà kan, ó yẹ kó kọ nǹkan bíi fóòtì 0.4 sí 0.7, níhà kejì, kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan. Tó bá gba iná kọjá níhà méjèèjì, ó ti lọ nìyẹn, ẹ sì lè rí òmíràn rà.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń lé mi sá: kí wáyà tí wọ́n wé yẹn jó. Ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó sì rí fánísì tí wọ́n fi bo wáyà tó ti dúdú, tó ń ṣí bí èépá. Kí ẹ tó sọ pé ó yè, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní mítà ìdánwò fóòtì 500 wò ó láàárín wáyà àti ara ẹ̀rọ, bóyá iná ń jò. Bí kò bá pé megohm 1 lẹ́yìn tí ẹ ti sá a gbẹ, ẹ má fi iná sí i. Wọ́n lè tún un wé lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, kọ́pà náà ò sì rọrùn lówó. Tó bá jẹ́ alumíníọ́mù ni, èmi ò tilẹ̀ ní dá a lábàá.

Ìńfátà kì í ṣàìsàn díẹ̀díẹ̀. Fáànù rẹ̀ ń fa eruku irin wọlé nígbà tí ẹ bá ń lọ irin nítòsí, eruku náà á jókòó sórí bọ́ọ̀dù, iná á gba orí rẹ̀ kọjá, gbàù! Bọ́ọ̀dù tuntun sì lè gba owó tó fẹ́ẹ̀ tó ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹ má sì ṣí i bẹ́ẹ̀ lásán: kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó lé ní fóòtì 300 mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ dúró, ẹ fi mítà wò ó, kí ọwọ́ tó kàn án.

Lẹ́nu iṣẹ́

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mi ò jiyàn, ìńfátà ni. Iná rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, electrode kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í yára lu. Electrode 7018 fẹ́ràn DC. Lórí ẹ̀rọ AC tí fóòtì rẹ̀ kò tó 70, á máa kú mọ́ yín lọ́wọ́. Electrode 6013 ò ní ìjà pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn. Ibi tí AC ti lékè ni igun irin tó nípọn, tí agbára òòfà ti máa ń ti iná DC síbi tí ẹ ò rán an.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ń fa iná gan-an nígbà tí ẹ bá tàn án, ó lè já bíréékà. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń lọ sókè sódò, tàbí tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan, ó lè fara dà á ju ìńfátà lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá ara páálí tàn yín. Electrode mm 2.5 ń fẹ́ nǹkan bí ampere 60 sí 90, ti mm 3.2 ń fẹ́ 90 sí 130. Ẹ̀rọ ampere 160 tó fún iṣẹ́ ilé. Ohun tó yẹ kí ẹ kà ni ìdá iṣẹ́ rẹ̀ (duty cycle): bí wọ́n bá kọ 20% sí ampere 160, ìṣẹ́jú 2 lẹ ó fi jó irin nínú 10, ẹ̀rọ á sì sinmi 8. Ẹ wo bóyá ooru 40°C ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí àwọn kan ń wọ̀n ọ́n ní 20°C kí nọ́ńbà wọn lè dára.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Ẹ mú electrode mm 3.2 mẹ́ta dání lọ. Ẹ jó wọn tán níṣojú ẹni tó ń tà á, kí ẹ fọwọ́ kan ara wáyà ìjórin láti mọ̀ bó ṣe gbóná tó, kí ẹ sì gbóòórùn ibi tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá ní kò sí iná tí ẹ lè fi dán an wò, ẹ bá a dúró títí iná á fi dé, àbí kí ẹ máa lọ.